Ojú Kọ́ La Fi Ń Fa Igun

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: èmi Dúpẹ́, obìnrin ni mí, káfíńtà sì ni mí. Mo lò ju ogójì ọdún lọ lórí òrùlé àwọn ẹlòmíràn ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kí orúnkún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ń bí nínú, kó lọ mu omi tútù. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tó kàwé. Irọ́ ni wọ́n pa fún yín.

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù nínú iṣẹ́ káfíńtà kì í ṣe ìṣó kíkàn. Ìṣó, ta ni kò lè kàn án? Igun fífà ni. Igun ilé láti ìpìlẹ̀, igun òrùlé lókè, gbogbo ibi tí igi méjì ti máa pàdé. Bàbá Sàláù ọ̀gá mi kì í fi ojú wò ó, kì í sì í fi purotírátọ̀ wọ̀n ọ́n. Kọ́ńpáàsì àti igi tó gún régé, ó parí. Igi yẹn kò gbọdọ̀ ní nọ́ńbà lára. Bí ẹ bá fún bàbá yẹn ní rúlà, yóò kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé kó má baà rí nọ́ńbà orí rẹ̀, kó tó lò ó.

Owó ń wọlé, owó ń lọ, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ohun tí mo jà fún jálẹ̀ iṣẹ́ mi ni kí Bàbá Sàláù lè tọ́ka sí igun tí mo fà lójú àwọn ọkùnrin, kó sọ pé, "Ọmọ mi ló fà á." Ẹ gbọ́ bí mo ṣe rí i, bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi sọ ọ́ nù, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí ní Ọ̀kà. Mo ti ṣe tán ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo wà nílé, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣe òrùlé tuntun. Wọ́n lọ pe Bàbá Sàláù wá láti Ìkàrẹ́. Mùsùlùmí ni. Àwọn kan nínú ìjọ kùn, wọ́n ní ṣé kò sí onígbàgbọ́ tó mọ òrùlé ni. Pásítọ̀ dá wọn lóhùn pé òjò kì í bèèrè ẹ̀sìn kó tó jò. Èmi ni wọ́n ní kí n máa pọn omi fún àwọn òṣìṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí bàbá náà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú pákó fífẹ̀ kan. Ó fi èédú fa ìlà. Ó gún ẹsẹ̀ kan kọ́ńpáàsì onígi rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó yí ẹsẹ̀ kejì, ó gé ìlà. Kò ṣí kọ́ńpáàsì sí i, kò sì pa á pọ̀. Ó gbé e lọ sí ibi tó ti gé ìlà, ó tún yí i. Ibi tí ìyí èkíní àti ìyí èkejì ti gba ara wọn kọjá, ó fa ìlà lọ bá a láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ọgọ́ta." Ó tún fi kọ́ńpáàsì pín in sí méjì, ó ní, "Ọgbọ̀n. Báyìí ni òrùlé ṣe máa dà." Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, òun àti pákó rẹ̀ ni.

Ẹnu mi kò gbé e. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọgọ́ta ni? Ẹ ò wọ̀n ọ́n."

Ó yíjú sí mi. "Ṣé wọn ò kọ́ ọ ní jọ́mẹ́tírì nílé ìwé ni?"

"Wọ́n kọ́ wa, sà."

"Wọ́n kọ́ ọ, o ò mọ̀ ọ́n. Mi ò ṣí kọ́ńpáàsì, mi ò pa á. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta dọ́gba, igun mẹ́ta á dọ́gba. Ṣé ó tún lè jẹ́ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ọgọ́ta? Lọ pọnmi."

Mo pọnmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Ọdún márùn-ún ni mo fi jókòó ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ báyẹn fún mi rí. Kí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó parí, mo ti lọ bá bàbá mi pé iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ kọ́. Bàbá mi ju ọkọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Obìnrin tó ń gun òrùlé, ta ni yóò fẹ́ ẹ?" Mo ní, "Ẹni tí òrùlé rẹ̀ bá ń jò ni." Ẹ̀rín pa wọ́n, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Mo padà rí ọkọ fẹ́ o, ẹ má ṣèyọnu. Tíṣà ni. Òrùlé rẹ̀ ń jò.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sàláù wà létí ọ̀nà tó lọ sí Ugbe. Ọkùnrin mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko, mi ò fọwọ́ kan òòlù. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan oúnjẹ, oníkálukú á fa ọgọ́ta, á fa ọgbọ̀n, á fa àádọ́rùn-ún, á pín ìyẹn sí méjì kó di márùndínláàádọ́ta. Ọ̀gá á wá rìn kọjá lórí wa. Bí tìẹ bá yẹ̀ bí ó ti wù kó kéré mọ, wàá fá pákó náà mọ́ látòkè délẹ̀, wàá tún un bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ wà tí mi ò jẹun títí oòrùn fi kan àtàrí.

Mo rántí ọjọ́ kan tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ìlà mi. "Èédú rẹ nípọn. Apá ibo lára èédú yìí ni ìlà wà?"

Mo ní, "Àárín ni, Bàbá."

"Àárín wo? Fi hàn mí."

Mo wò ó títí, mi ò rí i. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin yẹn ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbẹ́ ẹnu èédú mi bí abẹ́rẹ́.

Òfin kan wà tí kì í ṣeré fún rárá. Bí o bá fẹ́ fa àádọ́rùn-ún lójú ibì kan lórí ìlà, wàá wọn ibi tó dọ́gba sí ọ̀tún àti sí òsì. Wàá yí kọ́ńpáàsì láti ọ̀tún, wàá yí i láti òsì, ibi tí wọ́n ti pàdé lo máa fa ìlà bá. Ó tán lójú ẹlòmíràn. Lójú Bàbá Sàláù, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wàá tún lọ sí òdìkejì ìlà, wàá ṣe bákan náà. Bí o bá gbé igi tó gún lé e, tí ojú ibi tóo fẹ́ àti ibi ìpàdé méjèèjì wà lórí ìlà kan ṣoṣo, ìgbà yẹn ló di igun. "Igun tí o kò fà lẹ́ẹ̀mejì," á ní, "wàláì, irọ́ lo pa mọ́lẹ̀."

Nígbà tí orí mi ń wú, mo mú purotírátọ̀ tí mo lò nílé ìwé wá sí ibi iṣẹ́. Mo ní kí n fi gba ọ̀gá mi lọ́wọ́ wàhálà. Kò bú mi. Ó ní kí n fi fa igun ilé tí a fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀, mo sàmì sí àádọ́rùn-ún, mo na okùn jáde, mo kan èèkàn síbi tí ògiri máa parí sí, ogójì ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀gá wá fi tirẹ̀ fà á, ó kan èèkàn tirẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọ àárín èèkàn méjèèjì. Ó ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ìlà náà nìyẹn. Bó bá ṣe ń jìnnà ni irọ́ rẹ̀ ń gbèrú." Mo kó purotírátọ̀ mi sí àpò.

Ọdún karùn-ún ni mo gba òmìnira. Ọ̀gá gbàdúrà lé mi lórí níwájú àwọn òbí mi, ó ní ẹni tó bá bi mí pé ta ló kọ́ mi, kí n dárúkọ òun, nítorí ọmọ òun ni mí. Mo sunkún. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin yẹn wà níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ.

Mo padà sí Ọ̀kà. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Káfíńtà kí n tó bímọ rárá. Àwọn mìíràn á dé, wọ́n á béèrè ọ̀gá, mo ní èmi ni, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, wọn ò ní padà wá. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti lè ní "Ọmọ Bàbá Sàláù ni mí," ojú wọn á yí padà. Orúkọ bàbá yẹn ni mo fi rí iṣẹ́ ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́.

Àsìkò náà ni okùn náílọ́ọ̀nù dé. Tẹ́lẹ̀, fún igun ilé, tí kọ́ńpáàsì ọwọ́ kò lè dé, igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí a kan ìṣó sí orí rẹ̀ méjèèjì la fi ń yí i lórí ilẹ̀. Igi náà wúwo, ó sì ń ṣòroó gbé kiri ní Ọ̀kà wa tó jẹ́ òkè àti àpáta. Okùn náílọ́ọ̀nù rèé, ó fúyẹ́, ó ń dán, o lè ká a sápò. Mo ra á. Ọ̀gá rí i lọ́wọ́ mi nígbà kan, ó fà á wò, ó ní, "Èyí ń nà o." Mo ní mo mọ̀, Bàbá. Kí ni mo mọ̀?

Màmá Nọ́ọ̀sì, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, fẹ́ kọ́lé sí ìdí òkè. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n pe ọkùnrin. Màmá fárígá. Ó ní láyé tòun, àwọn ọkùnrin kan ní obìnrin ò lè fún àwọn lábẹ́rẹ́, òun sì fún wọn. "Dúpẹ́ ló máa fa ilé mi, Dúpẹ́ ló máa kan òrùlé rẹ̀." Bó ṣe gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Àpáta ńlá kan jókòó sí àárín ilẹ̀ náà, wọ́n ń dáná sórí rẹ̀ kó lè là. Nítorí rẹ̀, a ò lè na okùn láti igun dé igun kí a fi mọ̀ bóyá ilé gún. Àfi kí igun kọ̀ọ̀kan dúró lórí òtítọ́ ara rẹ̀. Mo fa igun àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó pé. Mo dé igun kejì. Ọkùnrin mẹ́ta kan jókòó sí etí ọ̀nà, wọn ò níṣẹ́. Mo ti yí okùn láti ọ̀tún jẹ́jẹ́, mo ń lọ sí òsì, ni ọ̀kan bá ní, "Ìyá Káfíńtà, ṣé wọ́n ti ń fi okùn wọn iyọ̀ ọbẹ̀ ni?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí mi. Mo gbá okùn náà mú, mo fà á le dan-indan-in, mo yí i. Okùn tí mo rọra fà lọ́tùn-ún, mo fi ìbínú fà á lósì. Ó nà. Ó sì yẹ kí n lọ sí òdìkejì ìlà, kí n fà á lẹ́ẹ̀kejì, àṣírí ìbá tú lójú ẹsẹ̀. Mi ò lọ. Mo ní kí n yáa parí, kí n kúrò lójú àwọn ọ̀lẹ wọ̀nyí. Ẹ̀yin ọmọ, wọn ò sọ òkúta lù mí o. Ẹ̀rín lásán ni.

Ògiri dé òkè. Mo wá kan òrùlé. A to igi láti apá kan, gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé, títí a fi kan èyí tó kẹ́yìn. Orí rẹ̀ kan wà lórí ògiri iwájú, orí kejì ń fì lófuurufú. Ẹ̀yìn ilé kúrú sí iwájú rẹ̀ ní ohun tó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ.

Síkírù, bíríkìlà tó mọ ògiri náà, ni gbogbo wọn dojú kọ. Wọ́n pè é ní ọ̀mùtí, wọ́n ní ó ti jí búlọ́ọ̀kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Màmá Nọ́ọ̀sì wọ́ ọ lọ́rùn aṣọ. Síkírù ń búra, ó ń sunkún, "Orí ìlà ni mo kọ́ ọ lé! Orí ìlà ni!" Mo sọ̀ kalẹ̀, mo mú igi gígùn, mo lọ sí igun kejì yẹn, mo fà á. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni Síkírù sọ. Orí ìlà ló kọ́ ọ lé, ìlà ni kò dára.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo rò ó. Bí mo bá dákẹ́, Síkírù ló máa ru ú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, orúkọ mi bàjẹ́, ti ọ̀gá mi náà bà á lọ, gbogbo ẹni tó ti ní obìnrin ò lè ṣe é á sì ní àwọn sọ bẹ́ẹ̀. Mo bá kígbe: "Ẹ fi Síkírù sílẹ̀! Èmi ni mo fa igun yìí, èmi ni mo fà á wọ́." Wọ́n fi í sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n yí sí mi. Ẹni tó sọ pé obìnrin, ẹni tó sọ pé kí n lọ dín àkàrà. Màmá Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò pariwo. Ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó ní, "Dúpẹ́, o dójú tì mí." Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi wó ògiri náà. Èmi àti Síkírù la tún un mọ, èmi ni mò ń ru búlọ́ọ̀kù. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kadà kan já Bàbá Sàláù sílẹ̀. Ó rìn yí ká. Ó bi mí pé, "Ìgbà mélòó lo fà á?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú erùpẹ̀ bí ọkùnrin, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. "Ẹ̀ẹ̀kan, Bàbá."

"Má fi orúkọ mi wáṣẹ́ mọ́." Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Wọ́n rò pé màá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó tì o! Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi sì ni mo mọ ibi tí kòtò náà wà. Mo fi okùn náílọ́ọ̀nù di ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, mo padà sídìí igi mi. Ẹni tó bá béèrè ta ló kọ́ mi, mo ní kó wo iṣẹ́ mi. Kò sí igun tí mi ò fà lẹ́ẹ̀mejì. Bí onílé bá ní kí n yára, màá di ẹrù mi, màá máa lọ, òun ló máa sáré tẹ̀lé mi. Ọdún ń gorí ọdún. Mo kan òrùlé títí dé Sosan. Lọ́dọọdún ni mo ń lọ kí Bàbá Sàláù nígbà Iléyá. Á fún mi lẹ́ran, á béèrè ọkọ mi, á béèrè àwọn ọmọ. Kò béèrè iṣẹ́. Mo ń retí rẹ̀, kò pè mí ní ọmọ mọ́. Ó ń dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n mo ń lọ.

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ tó ń tan iná pupa lẹ ń lò, fóònù yín náà ń fa igun. Ẹnjiníà kékeré kan rí mi pẹ̀lú igi mi, ó ní, "Màmá, ayé ti lọ." Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Gba igi yìí, fa ọgọ́ta fún mi." Kò lè fà á. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Mi ò bá fóònù jà o. Ẹni tí kò mọ ìdí tí ọgọ́ta fi jẹ́ ọgọ́ta, tó wá ń fọ́nnu, ni mò ń bá jà, mi ò sì tíì ṣíwọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà tí Ràímì, àkọ́bí Bàbá Sàláù, pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí Dúpẹ́, Bàbá ti lọ. Ẹ máa bọ̀ ní Ìkàrẹ́ nísinsìnyí, ẹ gbé irinṣẹ́ yín dání." Mi ò lóye, mo ṣá lọ.

Àwọn ọkùnrin ti pé sí ẹ̀yìn ilé. Ẹ mọ̀ pé ojú Mùsùlùmí nínú sàárè gbọ́dọ̀ kọ sí Kíbílà, apá Mẹ́kà. Wọ́n ti ń sàmì sàárè náà lẹ́bàá ògiri ilé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni àpáta ò sí. Wọ́n jẹ́ kó bá ògiri lọ, ògiri ilé náà kò sì kọ ojú sí Kíbílà. Mọ́ṣáláṣí kékeré tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà rẹ̀ ló kọ ojú síbẹ̀, ó wà ní apá kejì àgbàlá. Ràímì ní kí n fa ìlà láti ara mọ́ṣáláṣí náà wá síbi sàárè.

Ọkùnrin kan fò dìde. "Obìnrin? Lójú sàárè? Onígbàgbọ́ tún ni! Sùbúhánà-Lláhì! Ẹ fi ojú wò ó, ẹ gbẹ́ ẹ, oòrùn ń lọ." Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbá igi mi mọ́ra, mi ò kúrò níbi tí mo dúró sí. Ààfáà àgbà tó wà níbẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó bi Ràímì pé, "Kí ni òkú wí?"

Ràímì ní, "Bàbá ní ojú ò gbọdọ̀ wọn sàárè òun. Wọ́n ní, 'Ẹ pe Dúpẹ́ ọmọ mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi yòókù ò ṣìṣe rí, tàbí kí n ní wọn ò jẹ́wọ́ rí. Òun ló ṣìṣe, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí ẹlòmíràn ìbá ru ú. Ìlà rẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ mi sí.'"

Ààfáà ní kí wọ́n yà fún mi. Mo kúnlẹ̀ sí ìdí ògiri mọ́ṣáláṣí, omijé ń bọ́ sórí ìlà mi, mo ń fi ọwọ́ nù ún kí n lè rí i. Mo fà á. Mo lọ sí òdìkejì, mo fà á lẹ́ẹ̀kejì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ṣe tán, mo kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, mo dìde, mo sọ fún àwọn ọkùnrin náà pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ.